Ohun Tí Olóbi Kọ Sílẹ̀

“Ó dáa, kà á fún mi kí n gbọ́,” ni Yèyé wí nínú fóònù. Igbe ọmọ tuntun ń dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti Èkó lọ́hùn-ún.

Ọ̀rẹ́olúwa tún ìdí gbé kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wọn ní Emùré. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé ọjọ́ náà funfun báláú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

“Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin. Àárọ̀, ewé agunmániyè ìdì méjì. Ọ̀sán, omi àti iyọ̀ díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, ewé ìpín àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ.”

“Ó jẹ ẹ́ tán?”

“Ó jẹ ẹ́ tán, Yèyé. Ó tún lá ìdí garawa.”

Yèyé bú sẹ́rìn-ín, ó ké sí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. “Ó lá garawa! Àánú, o ò gbọ́? Ewúrẹ́ mi lá garawa! Ọ̀rẹ́olúwa ọmọ mi, o ṣeun. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò níí já sí asán. Bá mi kí i o.”

Irọ́ ni látòkèdélẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, Dúdúyẹmí wà lórí ìso. Èèpo iṣu àná ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Láti àárọ̀, kò rí ewé kan ṣoṣo. Ewúrẹ́ náà gbọ́ ohùn Ọ̀rẹ́olúwa, ó ké lẹ́ẹ̀mejì, Ọ̀rẹ́olúwa sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù kí Yèyé má baà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá Ọ̀rẹ́olúwa. Ìjàn-Èkìtì ni wọ́n bí i sí, Emùré ló lọ́kọ sí. Lọ́jọ́ tí ó ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ fa okùn abo ewúrẹ́ kan lé e lọ́wọ́, ó ní bí ilé ọkọ bá le, ewúrẹ́ náà yóò máa rán an létí pé ó ní ìyá. Láti ọdún náà wá, ìran ewúrẹ́ yẹn kò kúrò lẹ́yìnkùlé Yèyé. Òun ni wọ́n tà tí bàbá Ọ̀rẹ́olúwa fi ka ìwé olùkọ́. Òun ni wọ́n pa lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn wọ ọgbà ẹran. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ewúrẹ́ mẹ́sàn-án na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Dúdúyẹmí nìkan ló ṣẹ́kù, òun náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Eyín rẹ̀ ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ sì ni gbogbo ọmọ tó bí láti ìgbà náà.

Nítorí náà, nígbà tí òbúkọ àdúgbò gùn ún nínú oṣù kejì ọdún, tí oyún sì dúró, inú Yèyé dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ó pe Ọ̀rẹ́olúwa.

“Àgbàsìn ni mo fún ọ,” ó ní. “O mọ bí a ti í ṣe é. Ẹni tó bá báni sin ẹran, ó ní ìpín níbẹ̀. Bí ó bá bí akọ, ti ulé ni. Bí ó bá bí abo, tìrẹ ni, ùdí ẹran ùyá mi kò sì níí run. Ọwọ́ rẹ ló wà o.”

“Mo gbọ́, Yèyé,” ni Ọ̀rẹ́olúwa wí, ó sì wí i tọkàntọkàn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní SS2, ohun tó sì wù ú jù láyé ni kí ó di dókítà ẹran. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ilé-ìwé wọn ti fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Inú rẹ̀ ni wọn yóò máa kọ oúnjẹ tí ẹran aboyún wọn ń jẹ lójoojúmọ́ sí, àti bí àyà rẹ̀ ti fẹ̀ tó nígbà tí wọ́n bá fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú oko ẹran yunifásítì kan nígbà ìsinmi gígùn. Ọ̀rẹ́olúwa ti fi ojú inú rí ara rẹ̀ níbẹ̀, nínú ẹ̀wù funfun, tó ìgbà mẹ́wàá.

Ní òpin oṣù kẹta, Àánú, àbíkẹ́yìn Yèyé, bímọ sí Èkó. Yèyé di ẹrù, ó lọ wẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, akéde lu agogo yí ìlú ká. Ó ní òjò ti dé, àgbẹ̀ ti ń gbin àgbàdo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ̀ kiri mọ́, ewúrẹ́ tí wọ́n bá bá nínú oko, ààfin ni yóò sùn. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọ̀rẹ́olúwa so Dúdúyẹmí mọ́ ìdí máńgòrò. Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri lè wá nǹkan fi sẹ́nu bí olówó rẹ̀ bá gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí a so, ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò jẹ.

Ìgbà yẹn náà ni Fúnmilọ́lá dé sí kíláàsì wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ti Èkó bọ̀ ni, wọ́n gbé iná oòrùn sórí òrùlé, wọ́n sì gbé tẹlifísọ̀n kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn sí pálọ̀. Eré àwọn ará Kòríà ni Fúnmilọ́lá ń wò, apá kan rẹ̀ kì í sì í parí láìjẹ́ pé ó fi ọkàn ẹni kọ́ sórí òmíràn.

“Wá wo ẹyọ kan péré,” ni Fúnmilọ́lá máa ń wí bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé.

Ẹyọ kan á di mẹ́ta. Nígbà tí Ọ̀rẹ́olúwa bá fi máa padà délé, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú, ọ̀nà etí odò tí agunmániyè wà kì í sì í ṣe ọ̀nà tí ọmọbìnrin ń dá rìn nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Á da èèpo iṣu síwájú ewúrẹ́, á ní lọ́la òun á já ewé ìlọ́po méjì. Ọjọ́ kejì á dé pẹ̀lú eré tirẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, olùkọ́ ni ní Ìkẹ́rẹ́, àárọ̀ kùtù ló ń jáde. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó. Lójú àwọn méjèèjì, ewúrẹ́ tó bá ṣì ń ké, ara rẹ̀ yá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ọ̀rẹ́olúwa ń fi ojú ewé sílẹ̀ lófìfo bí kò bá ṣe nǹkan kan. Ó mẹ́nu kàn án fún Fúnmilọ́lá lọ́jọ́ kan pé ìwé òun ti ń ní ihò.

“Ìwọ náà!” ni Fúnmilọ́lá dáhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára tẹlifísọ̀n. “Ṣé ewúrẹ́ ni yóò wá jẹ́rìí ni? Kọ ọ́ jàre, kí o sinmi.”

Ọ̀rẹ́olúwa kọ ọ́. Lọ́jọ́ kìíní ó kọ ọ́, ó fagi lé e, ó tún un kọ. Lọ́jọ́ kẹta kò fagi lé nǹkan kan mọ́. Nígbà tó yá, kò mú téèpù jáde nínú àpótí ìránṣọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ó kàn ń fi díẹ̀ kún iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń lọ. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, á kà á fún Yèyé lórí fóònù. Yèyé kò mọ̀wé kà. Lójú rẹ̀, ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé ti di òótọ́, kò sí ẹjọ́ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún, dókítà ẹran kan, Dókítà Akíndélé, wá bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Ó gbé ike kan dání. Ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì, ó sì na ohun pupa kan tó rí jágbajàgba lé e. Àwọn ọmọ di imú.

“Ẹ má dimú,” ó ní, “gbogbo yín ni ẹ gbé inú irú rẹ̀ wáyé. Olóbi nìyí, ibi ọmọ. Ewúrẹ́ kan ló bímọ ní ìdájí òní, òun ló tẹ̀ lé ọmọ jáde. Ẹ wo àwọn nǹkan roboto wọ̀nyí tó dà bí bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni ara ìyá àti ara ọmọ ti so kọ́ra. Gbogbo oúnjẹ tí ọmọ jẹ nínú, ibẹ̀ ló gbà wọlé. Ó dára, èwo ló kọ́kọ́ ń tóbi nínú oyún, ọmọ ni tàbí olóbi?”

“Ọmọ ni, sà!” ni wọ́n pariwo.

“Irọ́! Olóbi ni. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, títí wọ inú ìkẹrin, ọmọ ṣì kéré jọjọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní iṣẹ́ kò tíì dé. Ìgbà yẹn gan-an ni olóbi ń gbèrú. Àwọn èròjà kan wà nínú ara tí ojú lásán kò lè rí, èròjà ìdàgbàsókè là ń pè wọ́n. Àwọn ló ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ níṣẹ́ pé kí wọ́n yà síbí, kí wọ́n yà sọ́hùn-ún, kí wọ́n fẹ̀ sí i. Bí ebi bá pa ìyá pẹ́ ní àkókò yẹn, iṣẹ́ wọn lè dàrú, kí bọ́tìnnì wọ̀nyí má dàgbà tó bó ti yẹ. Tó bá wá di oṣù karùn-ún, tí ọmọ fẹ́ dàgbà kíákíá, tó ń bèèrè oúnjẹ, ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà ti há.”

Olúwaṣògo, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, na ọwọ́. “Sà, tí èèyàn bá wá fún un lóúnjẹ gidi ní oṣù karùn-ún ńkọ́?”

“Ìyá lè sanra,” ni dókítà dáhùn. “Ní ti ọmọ, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.”

Ọ̀rẹ́olúwa ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni oyún Dúdúyẹmí pé oṣù mẹ́ta.

Dókítà ní àpò oúnjẹ ẹran márùn-ún nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ẹgbẹ́, kò sì lè lọ sílé gbogbo wọn. Ó ní òun yóò yẹ ìwé wò, kí òun lè fún àwọn tí ẹran wọn kò gbádùn. Ó ṣí ti Olúwaṣògo. Iye tó wà níbẹ̀ ń wálẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

“Kí ló dé?”

“Ó ń rù ni, sà. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi, èmi ni mo ń lọ sóko dípò wọn, n kò ríbi já ewé.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé àpò kan fún un. Nígbà tó kan ìwé Ọ̀rẹ́olúwa, ó ṣí i, ó ṣí i sí i, ojú rẹ̀ sì ń tàn.

“Ta ni Ọ̀rẹ́olúwa? Dìde kí wọ́n rí ọ. Ẹ wò ó, bí a ti ń tọ́jú aboyún nìyí! Ẹran tìrẹ kò nílò àpò mi. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.”

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu Ọ̀rẹ́olúwa. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: sà, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, Fúnmilọ́lá ń ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀yìn. Ó gbé gbólóhùn náà mì. Ó dúró, ó ń wò bí wọ́n ti ń gbé àpò karùn-ún fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ yẹn, ó sáré lọ etí odò, ó já ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rù. Ó já a fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin òjò rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Fúnmilọ́lá ní àkọ́sílẹ̀ ìwé ogún ti fẹ́ jáde nínú eré, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé. Ẹ̀yin náà mọ ibi tó parí sí. Oṣù karùn-ún lọ bẹ́ẹ̀, èèpo iṣu lónìí, omi lásán lọ́la.

Àfi ìgbà tí Yèyé pè pé òun ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ni ìbẹ̀rù tó mú Ọ̀rẹ́olúwa. Ó fi eré sílẹ̀. Ó ń jí ní kùtù já ewé, ó ń tọrọ èérí lọ́wọ́ àwọn tó ń sẹ́ ògì, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Dúdúyẹmí. Ẹran náà ń jẹ bí ẹni tó ti ìyàn dé. Kò pẹ́ tí eegun ìhà rẹ̀ fi bò, awọ rẹ̀ sì ń dán. Ọ̀rẹ́olúwa mí kanlẹ̀. Ó ní bóyá dókítà kàn fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà wọ́n ni.

Yèyé dé, kò tíì mu omi tó fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ewúrẹ́, ó fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀, ó sì tún fi ọwọ́ ra ikùn náà.

“Ara rẹ̀ dá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ukùn yìí kéré o. Ṣé ó jẹun ní gbogbo ùgbà tí n kò sí?”

“Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé, Yèyé.”

“Òótọ́ ni,” ni Yèyé wí, ó sì ya ojú kúrò. “Ìwé wà.”

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje ni Dúdúyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Yèyé ní kí wọ́n pe dókítà, dókítà sì dé lórí ọ̀kadà. Kò pẹ́ rárá tí ọmọ àkọ́kọ́ fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó yá jù. Akọ ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kò sì mí. Dókítà nu imú rẹ̀, ó fì í, ó fi ọwọ́ ra àyà rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Èkejì tẹ̀ lé e. Èyí mí. Ó tilẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ ké.

“Abo ni!” ni Yèyé kígbe, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Abo ni! Ùdí ẹran ùyá mi kò run! Ọ̀rẹ́olúwa, tìrẹ nìyí o!”

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín, orí rẹ̀ sì ń wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé e sí ọmú, kò fà á. Dókítà fún wàrà ìyá rẹ̀ sínú ike abẹ́rẹ́ tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ń kán an sí i lẹ́nu ní díẹ̀díẹ̀. Wàrà náà ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́olúwa mú súwẹ́tà ilé-ìwé rẹ̀ wá, wọ́n fi wé e. Kò sí ohun mìíràn tí ó mọ̀ láti ṣe. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọmọ ẹran náà sáyà, ó sì ń fi ìka wá ìlù ọkàn rẹ̀ kiri, bóyá ó ṣì wà.

Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́rin, olóbi bọ́. Dókítà já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó nà án lé e gẹ́lẹ́ bó ti ṣe ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó ní kí Ọ̀rẹ́olúwa wò ó, ṣùgbọ́n ó wò ó. Bọ́tìnnì tó rí ní ilé-ìwé tóbi, wọ́n nípọn. Àwọn tí ó rí yìí kéré, wọ́n pẹlẹbẹ, ibòmíràn tilẹ̀ wà tí kò sí nǹkan kan.

Dókítà fi ìka ka bọ́tìnnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Yèyé, ṣé ẹran yìí ṣàìsàn láàárín oyún?”

“Kò ṣàìsàn kankan.”

“Ṣé ebi pa á?”

“Ebi kẹ̀? Ọmọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin náà yẹ ìwé rẹ̀ wò!”

Dókítà gba ìwé náà, ó ṣí i sí oṣù kẹrin, ó ṣí i sí oṣù karùn-ún. Ó wo ìwé, ó wo olóbi. “Ìwé ní ó yó,” ó ní. “Olóbi ní kò yó. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣàṣìṣe. Bí kì í bá ṣe ebi, a jẹ́ pé àrùn ni, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń ràn. N óò ní láti sọ fún gbogbo àdúgbò kí wọ́n má mú ẹran lọ sọ́jà títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.”

Yèyé ti jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá itan. “Èmi ni,” ó ní. “Èmi ni mo fi aboyún sílẹ̀ tí mo gba Èkó lọ. Ọmọ titun ni mo ń wẹ̀, mo ń jó, mo ń kọrin. Ọwọ́ mi ni mo fi pa ewúrẹ́ tí ùyá mi fún mi. Ùyá mi, má bínú.”

Ọ̀rẹ́olúwa kò lè fara dà á mọ́. Omijé ti dí i lójú. “Yèyé, ẹ má wí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin. Dókítà, kì í ṣe àrùn. Ebi ni. Èmi ni n kò fún un lóúnjẹ. Mo ń lọ wo eré nílé Fúnmilọ́lá. Ìwé yẹn, mo kàn kọ ọ́ ni.”

Yèyé gbé ojú sókè sí i. Dúdúyẹmí ń lá ọmọ rẹ̀ tó ti kú.

“Gbogbo èyí tí o ń kà fún mi lórí fóònù?” ni Yèyé bèèrè.

“Irọ́ ni, Yèyé.”

“Lọ́jọ́ tí o ní ó lá garawa ńkọ́?”

“Irọ́ ni.”

Yèyé mi orí. “Mo sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí ọmọ,” ó ní. “Gbogbo wọn ni mo sọ fún pé ewúrẹ́ mi lá garawa.” Ó dìde, ó sì wọlé lọ. Ìbá sàn kó nà án. Ìbá sàn kó bú u.

Ọ̀rẹ́olúwa kọjú sí dókítà, ó di aṣọ rẹ̀ mú. “Sà, kò sí abẹ́rẹ́ kankan? Kò sí oògùn? Bí a bá fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ sí i? Bí a bá ra mílíìkì?”

“Ọ̀rẹ́olúwa,” ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, “lọ́jọ́ tí mo wá sí ilé-ìwé yín, ó ṣeé ṣe kí a rí nǹkan ṣe sí i. Àpò wà nínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti ṣe.”

Ọjọ́ kejì, bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń padà lọ sílé, ọmọ ẹran náà na ara lẹ́ẹ̀kan nínú súwẹ́tà, kò sì tún mí mọ́. Ọ̀rẹ́olúwa kò tètè mọ̀. Ó ṣì ń kán wàrà sí i lẹ́nu.

Yèyé fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, níbi tí ebè iṣu rẹ̀ tò sí. Ó kó àwọn ọmọ méjèèjì àti olóbi sínú rẹ̀. Nígbà tó bò ó tán, ó fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó ní, “A kì í fẹ ebè lẹ́yìn tí uṣu bá ti ta. Ohun tó yẹ kí a ṣe nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, bí a bá fi í di ùgbà mìíràn, àbámọ̀ ló kù.” Dókítà ti ní Dúdúyẹmí yóò yè, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti oyún. Bí yóò ti dópin nìyẹn, ìran tó ti Ìjàn bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀rẹ́olúwa mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje. Ìbejì ni ewúrẹ́ Olúwaṣògo bí, wọ́n ń tọ káàkiri, òun náà ló sì lọ sí oko yunifásítì pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tí àwọn ọmọ fi rẹ́rìn-ín. Fúnmilọ́lá ní òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè dà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ́olúwa mọ̀, wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí. Ẹni tó bá kọ irọ́ sínú ìwé lè tan olùkọ́, ó lè tan òbí, kò lè tan ohun tó ń dàgbà níkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ tí ojú kò rí náà ní àkókò tirẹ̀, bí àkókò náà bá sì ti kọjá, ẹkún kì í pè é padà. Gbólóhùn òtítọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ì bá gbà wọ́n là, bí ojú tilẹ̀ ti ẹni tó sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ kan tí Ọ̀rẹ́olúwa kò já ewé fún Dúdúyẹmí. Ó sì tún ra ìwé mìíràn, ó ń kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní kó kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá Yèyé lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé.

“Yèyé, ṣé kí n kà á fún yín?”

Yèyé wo ìwé náà, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò bínú. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó sì rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ikùn ewúrẹ́, bóyá ó yó.